HW Virginis: Ìbejì Ojú Ọ̀run

Ibi tó wà: agbo ìràwọ̀ Virgo, ní agbègbè ìràwọ̀ Spica
Bó ṣe jìnnà tó: nǹkan bí 560 ọdún ìrìn ìmọ́lẹ̀
Ìyípo kan: wákàtí 2 àti ìṣẹ́jú 48
Ìgbà tó dára láti wò ó: ìparí oṣù Kẹta sí oṣù Kẹfà, bí òjò bá jẹ́ kí ojú ọ̀run mọ́
Ohun èlò: awò awọ̀nàjíjìn, ojú lásán kò tó o

Ẹyọ ìmọ́lẹ̀ kan ṣoṣo ni awò máa ń fi hàn, bẹ́ẹ̀ méjì ni wọ́n. Ní 1986, Menzies àti Marang, àwọn onímọ̀ ìràwọ̀ ní Gúúsù Áfíríkà, kéde pé ìmọ́lẹ̀ náà ń rẹlẹ̀ lásìkò-lásìkò, nítorí ìràwọ̀ kan ń dí èkejì lójú.

Ní ìtóbi, ìbejì ni wọ́n lóòótọ́: ọ̀kọ̀ọ̀kan kò tó ìdá kan nínú márùn-ún oòrùn wa ní fífẹ̀. Ooru ló yà wọ́n. Ojú àkọ́kọ́, aràrá gbígbóná, gbóná tó nǹkan bí 28,000 dígírì; ti oòrùn kò ju nǹkan bí 5,500 lọ. Èkejì, aràrá pupa, tutù ju oòrùn lọ dáadáa. Wọ́n súnmọ́ra débi pé inú oòrùn lè gba àwọn méjèèjì pẹ̀lú àlàfo àárín wọn.

A kò bí aràrá gbígbóná ní aràrá. Nígbà tí haídírójìn inú rẹ̀ tán, ó wú di òmìrán pupa, ó sì gbé ẹnìkejì rẹ̀ mì. Èyí tí ó gbé mì kò kú: ó ń yí nínú gáàsì náà, ó ń súnmọ́ àárín, títí agbára yíyí rẹ̀ fi tú aṣọ gáàsì náà dànù sínú òfuurufú. Ìhòòhò kókó inú ló kù, tí ó ń jó hílíọ́ọ̀mù.

Bí òṣùpá ṣe ń kọ ojú kan ṣoṣo sí wa ni aràrá pupa ń kọ ojú kan sí ẹnìkejì rẹ̀. Ojú náà ń yá ooru, ó sì ń tàn. Bó bá ti ń yí bọ̀ sọ́dọ̀ wa, ìmọ́lẹ̀ wọn a máa lé kún díẹ̀díẹ̀. Bí pupa bá wá dí gbígbóná lójú, ìmọ́lẹ̀ a já wálẹ̀ gan-an. Bí gbígbóná bá dí pupa, díẹ̀ ló ń dín.

Bó pẹ́ bó yá, hílíọ́ọ̀mù náà yóò tán, aràrá gbígbóná yóò sì di aràrá funfun. Wọn yóò túbọ̀ máa súnmọ́ra, títí òòfà aràrá funfun yóò fi máa fa gáàsì ara aràrá pupa. Ẹni tó bọ́ aṣọ lára ẹnìkejì nígbà kan ni a óò wá bọ́ aṣọ lára rẹ̀.