Ṣé O Mọ Ibi Tí Ọ̀rá Ń Gbà Jáde?

Ṣé o mọ̀ pé imú ni èyí tó pọ̀ jù nínú ọ̀rá tó bá kúrò lára ènìyàn máa ń gbà jáde? Àwọn onímọ̀ méjì kan ní Australia, Ruben Meerman àti Andrew Brown, ló jókòó ṣírò rẹ̀, wọ́n sì gbé e jáde ní ọdún 2014. Bí kílò 10 ọ̀rá bá yọ́ lára rẹ, kílò 8.4 nínú rẹ̀ á di afẹ́fẹ́ tí ò ń mí síta, kílò 1.6 tó kù á di omi. Wọ́n bi àwọn dókítà, àwọn onímọ̀ oúnjẹ àti àwọn olùkọ́ eré ìdárayá pé níbo ni ọ̀rá ń gbà lọ, ọ̀pọ̀ wọn ló gbà á kù. Má wá tìtorí ìyẹn jókòó máa mí hẹlẹhẹlẹ láti àárọ̀ o. Òòyì ni yóò kọ́ ọ. Oúnjẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dín kí ara tó fọwọ́ kan ọ̀rá tó ti fi pamọ́.

Ṣé o wá mọ ohun tó wà nínú ọ̀pọ̀ tíì tí wọ́n ń tà fún ẹni tó fẹ́ kí ikùn òun wọlé? Ewé sẹ́nà ni, ìbátan asùnwọ̀n tí àwọn àgbà fi ń fọ inú. Iṣẹ́ asùnwọ̀n náà ló ń ṣe, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ló ń lé ènìyàn lọ. Bí o bá gun orí ìwọ̀n ní ọjọ́ kejì, ó lè ti fi kílò kan dín. Omi àti ìgbẹ́ ló lọ, ọ̀rá ṣì wà níbi tó wà. Mu omi ife mélòó kan, kílò náà á padà wálé.

Ní ìlú London, bàbá kan wà tó ń jẹ́ William Banting. Iṣẹ́ ìdílé wọn ni pósí àti ètò ìsìnkú, títí kan ìsìnkú àwọn ọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní ọdún 1862, nígbà tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún, ó wọn pọ́n-ùn 202, bíi kílò 92, bẹ́ẹ̀ ni kò ga. Kò lè bẹ̀rẹ̀ so okùn bàtà ara rẹ̀. Bó bá fẹ́ sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, ẹ̀yìn ló máa ń fi rìn. Ó tukọ̀ lórí odò títí, ebi ló dá sí i lára, ó sì tún jẹun sí i. Etí tí kò gbọ́ràn dáadáa mọ́ ló gbé e dé ọ̀dọ̀ dókítà etí kan, William Harvey, òun ló sì sọ fún un pé kó fi búrẹ́dì, bọ́tà, mílíìkì, ṣúgà, bíà àti ànàmọ́ òyìnbó sílẹ̀. Ní bí ọdún kan, pọ́n-ùn 46 ti kúrò lára bàbá. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó kọ ìwé pẹlẹbẹ kan jáde ní 1863, àwọn ènìyàn sì ya bò ó.

Èyí tó yà mí lẹ́nu jù ni pé orúkọ bàbá onípósí yìí di ọ̀rọ̀ ìṣe. Títí di òní, bí ará Sweden bá fẹ́ sọ pé òun ń ṣọ́ oúnjẹ jẹ kí òun lè jò, “banta” ló máa wí. Ní Gúúsù Áfríkà náà, “Banting” ni wọ́n ń pe jíjẹ ẹran àti ẹ̀fọ́ láìfi ọwọ́ kan búrẹ́dì. Ohun tí àwọn tó ń ròyìn rẹ̀ kì í sábà rántí ni pé dókítà ò gba wáìnì lẹ́nu rẹ̀. Ó ń mu ún lójoojúmọ́, ó sì tún láyè láti mu ọtí líle díẹ̀ kó tó lọ sùn. Ẹ jẹ́ ká gba bàbá láyè.

Ìlànà tí dókítà ọkàn Robert Atkins kọ sínú ìwé ní Amẹ́ríkà ní 1972, àti kẹ́tò tí àwọn ọ̀dọ́ Èkó ń pariwo lónìí, ẹbí ohun tí Banting jẹ ni wọ́n. Àmọ́ ṣé o mọ̀ pé kì í ṣe nítorí ẹni tó sanra ni wọ́n ṣe dá kẹ́tò sílẹ̀? Nítorí wárápá ni. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti kíyè sí i pé gìrì máa ń dín fún aláìsàn tó bá gbààwẹ̀. Ta ló wá lè máa gbààwẹ̀ títí ayé? Ní 1921, dókítà Russell Wilder ní ilé ìwòsàn Mayo dá a lábàá pé bí ọ̀rá bá pọ̀ gan-an nínú oúnjẹ, tí ṣúgà àti oúnjẹ oníṣítáàṣì fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí níbẹ̀, ara á máa ṣe bí ẹni pé ààwẹ̀ ló wà. Wọ́n ṣì ń lò ó títí di ìsinsìnyí fún àwọn ọmọ tí oògùn wárápá ò ràn.

Nítorí náà, bí ọ̀rẹ́ rẹ bá ní kílò 3 ni kẹ́tò yọ lára òun ní ọ̀sẹ̀ kan, kò purọ́. Ara máa ń fi ṣúgà díẹ̀ pamọ́ sínú ẹ̀dọ̀ àti iṣan, gíráàmù kan ṣúgà yìí sì ń di omi bíi gíráàmù 3 mọ́ra. Nígbà tí ẹ̀bà àti ìrẹsì ò bá wọlé mọ́, ara á ná ṣúgà yẹn tán, omi á sì bá a lọ. Ọ̀sẹ̀ kìíní yẹn ni wọ́n fi ń ya fọ́tò ìpolówó. Èmi náà gbìyànjú rẹ̀ nígbà kan. Ọjọ́ 11 ni mo lò, ìnáwó ọmọ ẹ̀gbọ́n mi dé, wọ́n gbé jọ̀lọ́ọ̀fù tí wọ́n fi igi dáná sè kalẹ̀ níwájú mi, ó tán.

Èwo ló wá dára jù nínú gbogbo wọn? Ìbéèrè yìí ni àwọn onímọ̀ Amẹ́ríkà kan kó ènìyàn 811 jọ lé lórí, wọ́n sì gbé èsì rẹ̀ jáde ní 2009. Wọ́n pín wọn sí ọ̀nà 4: àwọn kan ń jẹ ọ̀rá púpọ̀, àwọn kan ọ̀rá díẹ̀; àwọn kan ń jẹ ẹran, ẹja àti ẹ̀wà púpọ̀, àwọn kan ń jẹ ẹ́ níwọ̀nba. Lẹ́yìn ọdún 2, bíi kílò 4 ló kúrò lára ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn tí a bá pín in dọ́gba, ọ̀nà yòówù kó wà. Ohun tó fi ìyàtọ̀ hàn ni ìpàdé ìgbaninímọ̀ràn tí wọ́n ń ṣe: ẹni tó ń wá síbẹ̀ déédéé ló ń jò jù.

Ní 2018, Christopher Gardner àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Stanford tún kó ènìyàn 609 jọ fún oṣù 12. Àwọn tó dín ọ̀rá kù fi kílò 5.3 dín, àwọn tó dín oníṣítáàṣì kù fi kílò 6.0 dín, ìyàtọ̀ tí kò tó nǹkan. Wọ́n yẹ ohun àjogúnbá inú ẹ̀jẹ̀ wọn wò bóyá yóò sọ ẹni tí ìlànà kọ̀ọ̀kan bá mu. Kò sọ nǹkan kan. Síbẹ̀, nínú agbo kan náà, ẹnìkan fi ohun tó lé ní kílò 20 dín, ẹlòmíràn sì tún sanra sí i. Bí ẹnikẹ́ni bá wá ń ta àyẹ̀wò fún ọ láti fi mọ oúnjẹ tí yóò mú ọ jò, di àpò rẹ mú. Ti àwọn tó ní kí o jẹun bí irú ẹ̀jẹ̀ rẹ bá ṣe wí, A, B tàbí O, kò yàtọ̀. Ìwé tó dá ìyẹn sílẹ̀ jáde ní 1996. Nígbà tí wọ́n dán an wò lára ènìyàn 1,455 ní Toronto, èsì 2014 fi hàn pé irú ẹ̀jẹ̀ kò kan ọ̀rọ̀ náà.

Ó ku ọ̀kan tó kan ilé wa. Ṣé o mọ̀ pé àwọn obìnrin Ìbàràpá wà lára àwọn tó kọ́ ayé lẹ́kọ̀ọ́ nípa sísanra? Igbó-Ọrà tí gbogbo ayé mọ̀ mọ́ ìbejì, àti Ìdèrè tó múlé tì í, ni àwọn onímọ̀ láti Yunifásítì Loyola ní Chicago wá. Wọ́n fi àwọn obìnrin ibẹ̀ wé àwọn obìnrin adúláwọ̀ ní àgbègbè Chicago. Àwọn ti Chicago wọn pọ́n-ùn 184 tí a bá pín in dọ́gba, àwọn tiwa wọn 127. Gbogbo ènìyàn ti rò pé iṣẹ́ ni: wọ́n ń pọnmi, wọ́n ń rìn lọ sóko, wọ́n ń gún nǹkan lódó. Nígbà tí wọ́n wọn agbára tí wọ́n ń ná lórí iṣẹ́ lójúmọ́, ti Chicago jẹ́ bíi kálórì 760, ti ilé bíi 800. Ìyàtọ̀ yẹn ò tó ṣíbí ìjẹun epo kan! Ohun tó ń wọ ẹnu ni wọ́n wá tọ́ka sí. Mo ṣì gbà pé ìrìn dára fún ọkàn àti orúnkún, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ fi ìrìn nìkan sá fún ìṣáásùn á rìn jìnnà.

Mo dárúkọ epo. Ṣíbí ìjẹun kan epo, ì báà jẹ́ pupa, ì báà jẹ́ òróró, bíi kálórì 120 ló wà níbẹ̀. Ìyẹ̀fun gbígbẹ ńkọ́? Èlùbọ́, gàrí, àlìkámà, òòtù, wọn ò jìnnà síra: gíráàmù 100 èyíkéyìí nínú wọn kò jìnnà sí kálórì 350. Àǹtí mi kan ti fi ẹ̀bà sílẹ̀ tipẹ́, àlìkámà ló ń jẹ, òkèlè rẹ̀ sì ga ju ti àtẹ̀yìnwá lọ torí pé “ti dókítà ni.” Ẹ̀fọ́ rírò tó fi ń jẹ ẹ́ ń lúwẹ̀ẹ́ nínú epo. Òòtù àti àlìkámà tí wọn ò bó eèpo rẹ̀ máa ń pẹ́ nínú ju gàrí lọ, mi ò jiyàn, ṣùgbọ́n bí òkèlè ṣe tóbi tó àti epo inú ọbẹ̀ ni kí wọ́n bá a wò.

Ààwẹ̀ oníwákàtí tí ayé ń gbé gẹ̀gẹ̀ ńkọ́? Ní ilẹ̀ Ṣáínà, ènìyàn 139 jẹ ìwọ̀n kálórì kan náà fún ọdún kan. Apá kan ń jẹun láàárín aago 8 àárọ̀ sí aago 4 ìrọ̀lẹ́ nìkan, apá kejì ń jẹ ẹ́ nígbà tó bá wù wọ́n. Kílò 8.0 àti 6.3 ló kúrò, àwọn onímọ̀ sì ní ìyàtọ̀ náà kò tó ohun tí wọ́n lè fi búra. Ẹni tí kì í fẹ́ jẹun àárọ̀ tẹ́lẹ̀ lè rí i pé ó rọrùn. Ẹni tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nídìí àkàrà àti mọ́sà nígbà ìṣínu náà mọ̀ pé ààwẹ̀ àti jíjò kì í ṣe ọ̀kan náà. Aláìsàn àtọ̀gbẹ tó ń lo oògùn, aláboyún, oníṣíkùlù: má fi ọwọ́ kàn án láìbá dókítà rẹ sọ̀rọ̀, torí ṣúgà ara lè já wálẹ̀ lójijì, omi ara sì lè gbẹ.

Fún ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ríru bá ń bá fínra, mo fara mọ́ ìlànà oúnjẹ tí wọ́n ń pè ní DASH ju gbogbo èyí lọ. Èso, ẹ̀fọ́ àti mílíìkì tí kò lọ́ràá ni olórí rẹ̀. Nígbà tí wọ́n dán an wò ní Amẹ́ríkà, tí wọ́n sì kéde rẹ̀ ní 1997, ènìyàn 459 ni, adúláwọ̀ sì ju ìdajì wọn lọ. Wọn ò jẹ́ kí ìwọ̀n ara ẹnikẹ́ni yí padà, síbẹ̀ ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ wọn wálẹ̀.

Ṣé o sì mọ̀ pé oúnjẹ àwọn ará etí òkun Mẹditaréníà wà lórí àkọsílẹ̀ àjogúnbá UNESCO kan náà tí Ifá àti Gẹ̀lẹ̀dẹ́ wà? 2010 ni wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀. Ancel Keys, ará Amẹ́ríkà tó gbé oúnjẹ yìí dé etígbọ̀ọ́ ayé, kó lọ gbé ní abúlé kan ní Ítálì, ó sì lo ọdún 100 láyé. Òróró ólíìfù wọ́n lọ́jà wa, má tìtorí rẹ̀ jẹ gbèsè. Ẹ̀wà, ẹ̀fọ́, ẹja àti ẹ̀pà tó kún ibẹ̀ wà ní ọjà Bódìjà.

Ohun kan wà tí ìwé òyìnbó ò ní sọ fún ọ. Bí o bá jò lóòótọ́, àwọn ará ilé á bi ọ́ léèrè pé, “Ṣé kò sí o? O ti rù!” Wọ́n á sì bu òkèlè kejì fún ọ. Wá èsì sílẹ̀.

Jean Nidetch, ìyàwó ilé ní Queens ní New York, mọ ìtìjú òdìkejì rẹ̀. Ní 1961, obìnrin kan pàdé rẹ̀ ní ọjà, ó bi í pé ìgbà wo ló máa bímọ. Kò lóyún. Ó lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba, wọ́n fún un ní ìwé oúnjẹ, ó ń tẹ̀ lé e, ṣùgbọ́n ohun kan wà tí kò lè jẹ́wọ́ níbẹ̀: bísíkíìtì tó ń kó pamọ́ sínú apẹ̀rẹ̀ aṣọ dídọ̀tí ní balùwẹ̀, tó ń lọ dá jẹ lóru. Ó wá pe àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ mẹ́fà wá sí yàrá ìgbàlejò rẹ̀, ó jẹ́wọ́ fún wọn. Ni oníkálukú bá bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ́wọ́ tiẹ̀. Ibi tí Weight Watchers ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, wọ́n tún padà wá, wọ́n mú àwọn ọ̀rẹ́ tiwọn dání, kò sì pẹ́ tí àga ilé ò fi tó wọn jókòó mọ́.