Ta Ló Ṣe É? Orúkọ Oníṣẹ́ Ọnà ní Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́

Láàárín oṣù kẹta sí oṣù kẹrin, nígbà tí ọyẹ́ ti lọ tí òjò sì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, ni ó dára kí ẹni tí ó ń ṣètò ìpàtẹ iṣẹ́ ọnà gbéra lọ sí Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́. Awọ tí wọ́n sá nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ti gbẹ, igbá sì ti le dáadáa. Bí òjò bá pọ̀ tán, awọ ìlù a máa dẹ̀, igbá náà sì lè bu.

Àmọ́ kì í ṣe ẹrù nìkan ni onítọ̀hún ń lọ kó. Ìbéèrè kan wà tí ó gbọ́dọ̀ mú dání: ta ló ṣe é? Nínú ọ̀pọ̀ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé lókè òkun, ohun tí wọ́n kọ sábẹ́ iṣẹ́ àwọn baba wa kò ju "Yorùbá" lọ, bí ẹni pé odidi ìran kan ló pawọ́ pọ̀ di ọ̀bẹ mú.

Ní ọdún 1924, wọ́n gbé ilẹ̀kùn ààfin Ògògà ti Ìkẹ́rẹ́ lọ sí ìpàtẹ ńlá kan ní Wembley, ní ìlú London. Ó wu àwọn òyìnbó tó bẹ́ẹ̀ tí British Museum fi gbà á, tí wọ́n sì fi àga ọba kan tí wọ́n ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dípò rẹ̀. Síbẹ̀, àwọn tí ń wò ó kò mọ orúkọ ẹni tí ó gbẹ́ ẹ. Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀-Èkìtì ni. Ó kú ní 1938, ṣùgbọ́n àwọn ará ilé rẹ̀ kò gbàgbé rẹ̀: ní 1988, ọ̀kan nínú àwọn opó rẹ̀ kì oríkì rẹ̀ fún Ọ̀jọ̀gbọ́n John Pemberton. Ní 1998, Roslyn Walker ṣètò ìpàtẹ kan ní Washington tí ó jẹ́ ti Ọlọ́wẹ̀ nìkan. Orúkọ náà ti wà nílé láti ìbẹ̀rẹ̀; ẹni tí yóò béèrè ni kò tètè dé.

Ní Ọ̀yọ́, ìdáhùn sí ìbéèrè yìí lè ju ẹyọ kan lọ. Ẹ wo ìyáàlù dùndún. Gbẹ́nàgbẹ́nà ni ó gbẹ́ igi rẹ̀; ẹlòmíràn, tí ó sábà máa ń jẹ́ ọmọ Àyàn, ni ó fi awọ bò ó tí ó sì fi ọṣán dè é; ṣaworo etí rẹ̀ tún ti ọwọ́ oníṣẹ́ idẹ wá. Ìlù kan, ọwọ́ mẹ́ta. Bí káàdì ìpàtẹ bá dárúkọ ẹnì kan ṣoṣo, ó ti fi méjì dùn. Bẹ́ẹ̀ náà ni igbá fífín àti làbà Ṣàngó, àpò awọ tí àwọn oníṣàngó ń gbé kọ́ èjìká: ọwọ́ ẹnì kan ni ọnà ara rẹ̀ ti jáde.

Bí a bá gba ọ̀nà Ìlọrin, a ó kan Ògbómọ̀ṣọ́. Ní ọ̀dọ̀ ahunṣọ ibẹ̀, ẹ má béèrè iye owó nìkan. Ẹ béèrè irú òwú tí ó fi hun ún. Òwú sányán àtijọ́ ti ara kòkòrò tí ń ta sẹ́dà nínú igbó wá, aró sì ni a fi ń rẹ òwú ẹtù. Lónìí, òwú ilé-iṣẹ́ ni ó pọ̀ jù. Kò sí ìtìjú nínú òwú tuntun. Pípè é ní ohun tí kò jẹ́ ni ìtìjú.

Àwọn àgbà ní ilé là ń wò kí á tó sọmọ lórúkọ. Ibi iṣẹ́ ni à ń wò kí á tó kọ káàdì ìpàtẹ. Ẹ kí bàbá kú iṣẹ́, ẹ jókòó, ẹ jẹ́ kí ó sọ bí ó ṣe fẹ́ kí a kọ orúkọ òun: àwọn kan yóò fẹ́ orúkọ ara wọn, àwọn mìíràn yóò fẹ́ ti agboolé wọn. Ẹ béèrè ọmọ iṣẹ́ tí ó bá a ṣe é pẹ̀lú. Kí ẹrù tó kúrò nílẹ̀, ẹ fi ẹnu kò lórí owó, àti lórí ẹni tí yóò dá èyí tí kò bá tà padà.

Oúnjẹ oníṣẹ́ ọnà wà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ẹni tí a kò mọ orúkọ rẹ̀, a kò lè padà lọ gbé iṣẹ́ mìíràn fún un. Ọmọ rẹ̀ tí ó sì rí i pé iṣẹ́ bàbá òun ń rìn kárí ayé láìlórúkọ lè má fẹ́ kọ́ ọ. Nítorí náà, kì í ṣe olùṣètò ìpàtẹ nìkan ni ìbéèrè náà wà fún. Nígbà tí ẹ bá fẹ́ ra aṣọ òkè ìgbéyàwó yín, ẹ bi ẹni tí ń tà á léèrè pé, ta ló hun ún?