Ibi Tí Agbára Ohùn Ti Ń Wá

Bí kọ̀ńdọ́ bá ń pe èrò ní Òṣòdì, ohùn rẹ̀ a máa la ariwo ọkọ̀ kọjá títí dé òdìkejì títì. Ẹni tó ń wò ó lè rò pé ọ̀fun ló fi ń ṣe é. Èémí ni.

Ẹ fọwọ́ lé gògóńgò yín, kí ẹ ní "àà". Ohun tó ń gbọ̀n lábẹ́ ìka yín yẹn ni tán-án-ná, awẹ́ ẹran méjì tó dojú kọra. Bí èémí ṣe ń ti ẹ̀dọ̀fóró bọ̀ ló ń ṣí wọn, tí wọ́n sì tún ń padé. Lọ́fun àgbàlagbà ọkùnrin, èyí ń ṣẹlẹ̀ ní nǹkan bí ìgbà 120 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ti obìnrin ń lọ sí bí 200. Iye ìgbà yìí ló ń sọ bóyá ohùn wà lókè tàbí nísàlẹ̀. Bó ṣe ń dún tó yàtọ̀ sí ìyẹn: bí èémí bá ṣe ti tán-án-ná tó láti ìsàlẹ̀ ni wọ́n ṣe ń padé kíákíá tó, ìró tó jáde á sì le.

Síbẹ̀, ìró tán-án-ná nìkan kò lè dé ibi kankan. Ọ̀fun àti ẹnu ló ń gbé e jáde, bí igbá ṣe ń gbé ohùn gòjé. Ẹ wo ẹnu kọ̀ńdọ́ náà dáadáa: fáwẹ́lì ló ń fà, "Ìkẹjàààà", ẹnu rẹ̀ á sì là gbàgà. Ta ló lè fi "k" ké? Ìyá tó ń pe ọmọ láti ẹ̀yìnkùlé náà mọ èyí, ìdí nìyẹn tó fi ń fi "ooo" gígùn kún orúkọ ọmọ.

Ohun tó wú mi lórí jù ni pé bí a bá ké, ohùn wa pàápàá á gòkè sí i, síbẹ̀ ẹni tó wà lókèèrè kì í gbọ́ ọkọ̀ kó pè é ní ọkọ́. Gbogbo ohùn ọ̀rọ̀ ló jọ gòkè. Àlàfo àárín wọn ò parẹ́.

Dẹ̀síbẹ̀ẹ̀lì la fi ń wọn ìró. Ọ̀rọ̀ ẹni méjì tó ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ wà ní bí 60, bí 10 bá sì kún un, agbára ìró náà ti di ìlọ́po 10. Lọ́dún 1994, Annalisa Flanagan, olùkọ́ kan ní Northern Ireland, kígbe dé 121.7.

Ariwo àyíká náà ń mú wa kígbe láìfura. Étienne Lombard, dókítà ará Faransé, ṣàlàyé èyí lọ́dún 1911. Ibẹ̀ ni ewu wà fún olùkọ́ àti oníwàásù. Bí èémí ò bá tó, ọ̀fun ni wọ́n á máa fún pọ̀, tán-án-ná á máa gbára wọn títí tí wọ́n á fi wú, kókó sì lè yọ sí wọn lára. Ẹni tí ohùn rẹ̀ há, kó sinmi ọ̀rọ̀, kó mu omi. Sísọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ pẹ̀lú ipá kì í ṣe ìsinmi. Bí ohùn náà bá há ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ, kó lọ rí dókítà.