Ṣé Omi Kíkan Inú Ikùn Ló Ń Da Oorun Yín Láàmú?

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló máa ń jí ní òwúrọ̀ pẹ̀lú ohùn tó há. Àwọn mìíràn á ní ó dà bí ẹni pé nǹkan kan há àwọn lọ́fun, ṣùgbọ́n bí wọ́n ti gbé itọ́ mì tó, kò lọ. Wọ́n á ra oògùn ikọ́, wọ́n á sì dá ọyẹ́ lẹ́bi. Nígbà mìíràn, inú ikùn gan-an ni ọ̀ràn náà ti wá.

Omi kíkan tó ń bá wa lọ oúnjẹ wà nínú ikùn gbogbo wa. Iṣan kan tó rí bí òrùka ló ń pa ẹnu ikùn dé kí omi yìí má baà gòkè. Bí iṣan náà bá dẹ̀, omi kíkan á rú sókè. Àyà á máa ta ẹlòmíràn, á sì tètè mọ̀. Àyà kò ní ta ẹlòmíràn rárá, bẹ́ẹ̀ omi náà ti dé gògóńgò, ó ń bó o díẹ̀díẹ̀. Èyí ni àwọn dókítà ń pè ní silent reflux.

Àìsàn kejì ni sleep apnea. Bí ènìyàn bá ti sùn, ẹran ara ọ̀fun á dẹ̀, á sì dí ọ̀nà èémí fún ìṣẹ́jú àáyá 10 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Onítọ̀hún á ta jí, á mí gúlegúle, á tún sùn lọ láìmọ̀ pé ohunkóhun ṣẹlẹ̀. Bí èyí bá ń ṣẹlẹ̀ tó ìgbà 5 láàárín wákàtí kan, ó ti di àìsàn.

Kí ló wá pa àwọn méjèèjì pọ̀? Bí ọ̀nà èémí bá dí, àyà á máa fà gidigidi láti rí afẹ́fẹ́, ìfà yẹn sì lè fa omi kíkan gòkè. Omi kíkan náà ẹ̀wẹ̀ lè mú kí ọ̀fun wú. Ara sísanra jù ń dá kún méjèèjì. Àwọn onímọ̀ kò tíì fẹnu kò lórí èyí tó ń fa èkejì, ṣùgbọ́n wọ́n sábà máa ń bá àwọn méjèèjì lára ẹnì kan náà. Nítorí náà, ẹni tó ń lo oògùn ikùn nìkan lè máa wo ìdajì àìsàn.

Oúnjẹ alẹ́ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bọ́ nínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ Èkó ní agogo 9 alẹ́, tó jẹ ẹ̀bà, tó sì dùbúlẹ̀ lójú ẹsẹ̀, ọ̀nà ló ń là fún omi kíkan. Ẹ jẹ́ kí wákàtí 3 wà láàárín oúnjẹ àti oorun. Ẹ fi pákó gbé ẹsẹ̀ ibùsùn níhà orí sókè ní sẹ̀ǹtímítà 15. Ẹ fi ẹ̀gbẹ́ òsì sùn, kí ẹ sì dín ọtí kù.

Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ń hanrun kíkankíkan, tí ẹ sì ń tòògbé lọ́sàn-án, pàápàá nídìí ọkọ̀, ẹ tètè lọ rí dókítà. Sleep apnea tí a kò tọ́jú lè fa ẹ̀jẹ̀ ríru àti ìjàm̀bá ọkọ̀. Ìtọ́jú rẹ̀ wà: láti ọdún 1981 tí Colin Sullivan àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ọsirélíà ti kọ ìwé nípa ẹ̀rọ CPAP, tó ń fẹ́ atẹ́gùn sí imú kí ọ̀nà èémí má baà dí, ló ti ń ran àwọn aláìsàn lọ́wọ́. Omi kíkan ẹlòmíràn pàápàá máa ń rọlẹ̀ bó bá ń lò ó.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í gbọ́ hanrun ara wọn. Ẹ bi ẹni tí ẹ jọ ń sùn léèrè bí èémí yín ṣe ń lọ lóru.