Ẹ̀kọ́-Ọ̀fẹ́ fún Àwọn Onílàjà Ọ̀la

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ oníṣòwò fi ń wá ọ̀nà mìíràn láti parí aáwọ̀. Ọ̀nà méjì ni ó gbajúmọ̀ jù. Èkíní ni ìlàjà: onílàjà a máa ran tọ̀túntòsì lọ́wọ́ kí ohùn wọn lè ṣọ̀kan, ṣùgbọ́n kò láṣẹ láti dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi. Èkejì ni ìdájọ́ àyàn: àwọn tí ń jà ni ó ń yan ẹni tí yóò gbọ́ ẹjọ́ wọn, ìdájọ́ tí ó bá sì dá, dandan ni kí wọ́n tẹ̀ lé e.

Nígbà tí ó jẹ́ pé yíyàn ni, ta ni wọ́n ń yàn? Ẹni tí a ti yàn rí ni. Ẹni tí a kò yàn rí ńkọ́? Níbo ni yóò ti rí ìrírí tí a ó fi mọ̀ ọ́n? Báyìí ni iṣẹ́ náà ṣe pẹ́ lọ́wọ́ àwọn àgbà ọkùnrin aláwọ̀ funfun ní Amẹ́ríkà.

Láti tún èyí ṣe, American Arbitration Association, ẹgbẹ́ tí a dá sílẹ̀ ní 1926, gbé ètò ẹ̀kọ́ kan kalẹ̀ ní 2009. Wọ́n fi í sọrí A. Leon Higginbotham, gbajúmọ̀ adájọ́ aláwọ̀ dúdú tí ó kú ní 1998. Wọ́n kó àwọn amọṣẹ́dunjú tí ó ń gòkè bọ̀ jọ láti inú àwọn ẹ̀yà tí a kì í sábà yàn, wọ́n kọ́ wọn níṣẹ́, wọ́n sì fà wọ́n mọ́ àwọn tí iṣẹ́ náà ti mọ́ lára.

Ǹjẹ́ ẹ̀kọ́ nìkan tó bí? Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2018, Shawn Carter, olórin tí a mọ̀ sí Jay-Z, tí ó ní ẹjọ́ pẹ̀lú ilé-iṣẹ́ Iconix lọ́dọ̀ ẹgbẹ́ yìí kan náà, sá tọ ilé-ẹjọ́ New York lọ. Ó ní òun kò rí aláwọ̀ dúdú tí ó yẹ fún irú ẹjọ́ ńlá bẹ́ẹ̀ nínú àwọn orúkọ tí ó wà nílẹ̀. Ilé-ẹjọ́ dá ìgbẹ́jọ́ náà dúró fún ìgbà díẹ̀. Nígbà tí ẹgbẹ́ náà fi hàn pé àwọn ṣe tán láti wá àtúnṣe, Carter fa ẹ̀bẹ̀ rẹ̀ sẹ́yìn ní oṣù Kejìlá. Ọdún mẹ́sàn-án ti kọjá lórí ètò Higginbotham nígbà náà. Ẹ̀kọ́-ọ̀fẹ́ lè ṣílẹ̀kùn. Ẹni tí ń yan adájọ́ ni yóò pe ọ̀dọ́ wọlé.

Ọ̀rọ̀ náà kan Nàìjíríà. Òfin tuntun lórí ìdájọ́ àyàn àti ìlàjà rọ́pò ti 1988 ní 2023, iṣẹ́ sì ń bẹ níwájú. Kì í ṣe lọ́yà nìkan ni iṣẹ́ náà wà fún: ẹnjiníà àti aṣírò-owó náà lè ṣe é. Kí olùkọ́ jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ mọ èyí láti kọ́lẹ́ẹ̀jì. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè.