Ọkùnrin Tí Ó Fi Ọwọ́ Ara Rẹ̀ Gbin Pápá Gọ́ọ̀fù

Àwọn mìíràn nínú yín ti gba ẹ̀gbẹ́ pápá gọ́ọ̀fù kọjá ní Ìkòyí tàbí ní Ìbàdàn, ẹ sì ti rí bí àwọn àgbàlagbà ṣe ń fi ọ̀pá gbá bọ́ọ̀lù kékeré, tí wọ́n sì ń rìn tọ̀ ọ́ lẹ́yìn nínú oòrùn. Bóyá ẹ tilẹ̀ bi ara yín léèrè pé, “Kí ni adùn eléyìí?” Kì í ṣe adùn eré náà gan-an ni a fẹ́ sọ lónìí, bí kò ṣe ìtàn ọkùnrin kan tí ó fẹ́ràn rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé, nígbà tí a ti ilẹ̀kùn pápá mọ́ ọn, ó kúkú lọ dá pápá tirẹ̀ sílẹ̀. William Powell ni orúkọ rẹ̀, ènìyàn dúdú ni, ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ọmọ-ọmọ àwọn tí a ti kó lẹ́rú rí.

Kí ìtàn náà lè yé wa dáadáa, ó yẹ kí a mọ ohun tí pápá gọ́ọ̀fù jẹ́. Ilẹ̀ Scotland ni eré yìí ti gbilẹ̀. Ní ọdún 1457, ìgbìmọ̀ aṣòfin ilẹ̀ náà fi òfin dè é, nítorí pé ó ń fa ọkàn àwọn ọkùnrin kúrò nínú ọfà títa, èyí tí ìlú fi ń gbára dì fún ogun. Ṣùgbọ́n òfin kò lè pa á. Ní ìlú St Andrews, létí òkun, ni a ti sọ iye ihò di méjìdínlógún ní ọdún 1764, iye náà ni gbogbo ayé sì ń tẹ̀lé títí di òní. Ní ìpilẹ̀ṣẹ̀, kò sí ẹni tí ó jókòó ya àwòrán pápá St Andrews. Afẹ́fẹ́ òkun, iyanrìn, àti àgùntàn tí ń jẹko ni wọ́n mọ ọ́n, kí ọwọ́ ènìyàn tó wá tún un ṣe.

Lẹ́yìn náà ni pápá yíyà di iṣẹ́ ọnà. Ẹni tí yóò ṣe é gbọ́dọ̀ mọ ibi tí àgbàrá òjò ń gbà, kí ó mọ irú koríko tí kì í kú bí a tilẹ̀ ń tẹ̀ ẹ́ lójoojúmọ́, kí ó sì mọ ibi tí yóò gbẹ́ kòtò iyanrìn sí, kí eré náà má baà rọrùn jù, kí ó má sì baà le jù. Ihò kọ̀ọ̀kan ní ibi tí a ti ń gbá bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́, ó ní ọ̀nà koríko gígùn, ó sì ní ibi kan tí a gé koríko rẹ̀ mọ́lẹ̀ bí ẹní, níbi tí ihò náà wà pẹ̀lú àsíá rẹ̀. Iṣẹ́ olówó ni, iṣẹ́ ọlọ́pọ̀ ènìyàn sì ni.

A bí Powell ní Greenville, ní ìpínlẹ̀ Alabama, ní ọdún 1916. Ọmọdé ni nígbà tí àwọn òbí rẹ̀ ṣí lọ sí Minerva, ní ìpínlẹ̀ Ohio. Níbẹ̀ ni ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbé àpò ọ̀pá fún àwọn tí ń gbá gọ́ọ̀fù, láti ìgbà tí ó wà ní ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Bí ó ti ń gbé e ni ojú rẹ̀ ń wo bí a ti ń gbá a, òun pàápàá sì di ọ̀jáfáfá. Ó lọ sí Yunifásítì Wilberforce, ó sì wà nínú ẹgbẹ́ agbágọ́ọ̀fù ilé-ẹ̀kọ́ náà pẹ̀lú arákùnrin rẹ̀, Berry.

Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ó wọ aṣọ ológun lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Kàyéfì ni ó jẹ́ pé ní ilẹ̀ àjèjì ni àwọn pápá gọ́ọ̀fù ti gbà á láìbéèrè àwọ̀ ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó padà dé ilẹ̀ bàbá rẹ̀ ní ọdún 1946, àwọn pápá tí ó wà nítòsí ilé rẹ̀ kò gba ènìyàn dúdú láàyè. Ìjọba ti ṣe òfin ní ọdún 1944 pé kí a ran àwọn ológun tí ó padà bọ̀ lọ́wọ́ láti rí owó yá. Powell bèèrè, a kò fún un. Ẹ̀yin ará wa, ẹ rò ó wò: ẹni tí ó ti fi ẹ̀mí rẹ̀ wéwu fún orílẹ̀-èdè rẹ̀ ni a ń sọ fún pé koríko ilẹ̀ náà kò tọ́ sí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀.

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní, bí ọ̀nà kan kò bá dí, òmíràn kì í là. Powell rí oko kan ní East Canton, ní Ohio, tí a ti ń sin màlúù fún wàrà, ilẹ̀ éékà 78. Àwọn oníṣègùn dúdú méjì bá a dá owó pọ̀. Berry arákùnrin rẹ̀ sì fi ilé ara rẹ̀ dógò kí tirẹ̀ lè pé. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà. Ní alẹ́, Powell ń ṣe aṣọ́nà ní ilé-iṣẹ́ Timken. Ní ọ̀sán, ó ń ro ilẹ̀. Ó hú òpó ọgbà màlúù, ó ṣa òkúta kúrò, ó sì fi ọwọ́ fúnrúgbìn koríko. Òun fúnra rẹ̀ ni ó ya pápá náà, kò gba ayàpápá kankan. Marcella ìyàwó rẹ̀ sì dúró tì í gbágbágbá, bẹ́ẹ̀ ni àwọn ọmọ ń dàgbà lórí ilẹ̀ náà.

Ní ọdún 1948 ni a ṣí ihò mẹ́sàn-án àkọ́kọ́. Ó sọ orúkọ pápá náà ní Clearview. Kò kọ ọ́ sí ẹnu ọ̀nà pé ti ènìyàn dúdú nìkan ni. Tọwọ́-tẹsẹ̀ ni ó fi gba dúdú àti funfun. Èyí ni ohun tí a fẹ́ kí ẹ fi ọkàn sí jùlọ. Ẹni tí a lé kúrò níbi oúnjẹ lè fẹ́ kí ẹlòmíràn mọ bí ebi ti ń pani. Ṣùgbọ́n Powell kò fi ìwà àwọn tí ó ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn ṣe àwòkọ́ṣe. Ní àkókò kan náà, ẹgbẹ́ PGA, tí í ṣe ti àwọn tí ń fi gọ́ọ̀fù ṣe iṣẹ́ òòjọ́ ní Amẹ́ríkà, ní òfin tí ó fi àyè sílẹ̀ fún aláwọ̀ funfun nìkan láti ọdún 1934. Ọdún 1961 ni wọ́n tó yọ ọ́ kúrò.

Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà. Ọgbọ̀n ọdún lẹ́yìn tí ó ṣí pápá rẹ̀, ní ọdún 1978, ni Powell parí ihò mẹ́sàn-án ìkejì, pápá náà sì pé méjìdínlógún. Ní ọdún 2001, ìjọba Amẹ́ríkà kọ Clearview sínú ìwé àwọn ibi ìtàn orílẹ̀-èdè náà. Ní ọdún 2009, ẹgbẹ́ PGA kan náà fi ẹ̀bùn ọlá fún iṣẹ́ ìsìn rẹ̀ dá a lọ́lá. Ní ọjọ́ ìkẹyìn ọdún náà gan-an ni ó sùn, ní ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́rùn-ún.

Renee ọmọ rẹ̀ obìnrin, tí ó di ọ̀pá gọ́ọ̀fù mú láti ọmọ ọdún mẹ́ta, di obìnrin dúdú kejì tí ó wọ ẹgbẹ́ àwọn obìnrin tí ń fi eré náà ṣiṣẹ́, ní ọdún 1967; Althea Gibson ni ó ṣáájú rẹ̀. Ní ọdún 2008, Yunifásítì St Andrews fi oyè ọ̀mọ̀wé dá a lọ́lá. Ní ọdún 2015, ẹgbẹ́ gọ́ọ̀fù àtijọ́ ti ìlú náà, tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1754, tí kò sì tíì gba obìnrin kan rí títí di ìgbà náà, fi í kún àwọn obìnrin àkọ́kọ́ tí wọ́n gbà. Larry arákùnrin rẹ̀ ni ó gba ìtọ́jú koríko pápá náà ṣe iṣẹ́ tirẹ̀.

Ẹ̀yin òbí, nígbà tí ẹ bá ń pín ogún fún àwọn ọmọ yín, ẹ rántí pé ohun tí Powell fi sílẹ̀ ju éékà ilẹ̀ lọ. Ó kọ́ wọn pé bí ọwọ́ kan bá tilẹ̀ ń ti ilẹ̀kùn, ọwọ́ tiwa kò gbọdọ̀ kọ́ àtitì í mọ́ ẹlòmíràn. Kí ó di ọkọ́ mú ni, kí ó sì gbin ohun tí ẹsẹ̀ gbogbo ènìyàn yóò lè tẹ̀.