Ta Ló Wọn Gàrí Yìí?

Nínú ìpàdé wa tó kọjá, nígbà tí a ń sọ̀rọ̀ lórí ẹ̀yáwó tí àwọn kan nínú wa fẹ́ gbà láti máa fi gbé oúnjẹ lọ fún àwọn ilé-ìwé tí akẹ́kọ̀ọ́ ń gbé inú ọgbà wọn, ẹnì kan sọ láti ẹ̀yìn pé, "Ẹ má da ara yín láàmú jù, a kì í ṣiṣẹ́ ìjọba làágùn." Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo délé, ọ̀rọ̀ náà kò kúrò létí mi, nítorí èmi ti ṣe iṣẹ́ ilé-ìwé rí, mo ṣe é láìlàágùn, mo sì mọ ohun tó ti ìdí rẹ̀ yọ. Akọ̀wé ẹgbẹ́ ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀ fún ìwé wa ti oṣù yìí. Ẹ bá mi fara balẹ̀ kà á.

Ní ọdún 1978 ni wọ́n gbà mí síṣẹ́ olùtọ́jú ilé oúnjẹ, èyí tí gbogbo wa ń pè ní sítọ́ọ̀, ní ilé-ìwé gírámà kan. N kò ní dárúkọ ilé-ìwé náà, ẹ̀bi inú ìtàn yìí, tèmi ni. Ọdún kan lẹ́yìn náà, ní oṣù Kẹwàá 1979, ìjọba alágbádá wọlé, àwọn ìpínlẹ̀ tí ẹgbẹ́ UPN ti ń ṣèjọba sì bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́. Ilé-ìwé kún àkúnya. Òbí kò san owó ẹ̀kọ́ mọ́, ṣùgbọ́n ní ọ̀dọ̀ tiwa, òbí ló ń san owó oúnjẹ ọmọ tó bá ń gbé inú ọgbà. Nítorí náà, gàrí tí mo ń tọ́jú yẹn, owó ìyá aláta ni, owó bàbá oníkòkó ni, owó irú àwa tí à ń ka ìwé yìí ni. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ rántí ìyẹn bí ẹ bá tún gbọ́ "iṣẹ́ ìjọba".

Iṣẹ́ mi kò le. Obìnrin oníṣòwò kan ló ń gbé gàrí wá fún wa, ogún àpò lóṣooṣù. Bí ọkọ̀ bá ti dé, màá dúró lẹ́nu ọ̀nà, màá máa ka àpò bí àwọn aláàárù ti ń rù ú wọlé, ọ̀kan, èjì, ẹ̀ta, títí dé ogún. Màá ṣí ìwé, màá kọ 20 sí i, màá fọwọ́ sí i, ó parí. Àdéhùn ni pé ọgọ́ta kóńgò ni yóò wà nínú àpò kọ̀ọ̀kan, ohun tí mo sì ń kọ sínú ìwé náà nìyẹn. N kò tú àpò kan wò rí. Ìwé mi mọ́ tónítóní, ọwọ́ ìkọ̀wé mi dára, nígbà tí àwọn tó ń yẹ ìwé owó wò sì dé, wọ́n yìn mí. Bí ọdún bá ń parí lọ, obìnrin náà á gbé àpò kékeré kan wá fún mi, á ní, "Akọ̀wé, èènì yín rèé." Mo máa ń gbà á. Àbí ta ni kì í gba èènì?

Olórí àwọn alásè wa, Ìyá Alásè ni tọmọdé tàgbà ń pè é. Kò mọ̀wé kà, kì í sì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó wá bá mi ní sítọ́ọ̀ lọ́jọ́ kan ní 1981, ó ní, "Akọ̀wé, ẹ̀bà kì í tó débi tábìlì tó kẹ́yìn mọ́." Mo dá a lóhùn pé ọmọ ti pọ̀ jù, pé àwọn tó wà ní iwájú ló ń bù ú jù. Ó wò mí, kò fèsì. Àwọn ọmọ fọ́ọ̀mù wáànù ló ń jókòó sí tábìlì tó kẹ́yìn, nítorí ọ̀dọ̀ àwọn àgbà ni a ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í pín oúnjẹ.

Lẹ́yìn oṣù méjì, ó tún padà wá. Ó gbé igbá kan dání, òkúta wẹ́wẹ́ ló wà nínú rẹ̀. Ìyá yìí ti mú kóńgò kan wá láti ilé, èyí tí ó fi ń ta ẹ̀wà kí ó tó gba iṣẹ́ alásè. Gbogbo àpò tí mo bá fún un, ó ń wọ̀n ọ́n kí ó tó lò ó. Bí ó bá ti bu kóńgò kan, á sọ òkúta kan sínú igbá. Ó ní, "Ẹ kà á." A jọ kà á. Mẹ́rìnléláàádọ́ta ni. Ó ní bẹ́ẹ̀ náà ni àpò tó ṣáájú, bẹ́ẹ̀ náà ni èyí tó ṣáájú ìyẹn.

Ẹ̀yin oníṣòwò ti ṣe ìṣirò yìí tán kí n tó kọ ọ́. Kóńgò 6 ló ń dín nínú àpò kan. Nínú àpò 20, ó di kóńgò 120, àpò méjì gbáko nìyẹn lóṣooṣù. Oṣù mẹ́sàn-án ni ilé-ìwé fi ń jẹun lọ́dún, ó di àpò 18. Ọdún mẹ́ta ni mo sì ti wà níbẹ̀. Bóyá bẹ́ẹ̀ ló ti ń rí láti ìbẹ̀rẹ̀, n kò fẹ́ kà á dé ibẹ̀. N kò jí ẹyọ gàrí kan. Ṣùgbọ́n mo ti jẹ èènì.

Ní alẹ́ ọjọ́ náà, mo lọ sí yàrá ìjẹun. N kò tíì dé ibẹ̀ rí lásìkò oúnjẹ, torí pé aago mẹ́rin ni mo máa ń ti sítọ́ọ̀ pa. Mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì tó kẹ́yìn. Ọmọ mẹ́wàá ló jókòó síbẹ̀, ẹ̀bà tó wà nínú àwo kò ju èyí tó lè yó ọmọ mẹ́fà lọ. Mo rò pé wọn yóò jà sí i. Wọn ò jà. Wọ́n ti ṣe ètò láàárín ara wọn: àwọn tí kò yó lánàá ló kọ́kọ́ bù ú. Ọ̀kan nínú wọn rò pé mo wá bá wọn wí, ó sáré dìde, ó ní, "Ẹ káalẹ́, sà." N kò lè jẹ oúnjẹ alẹ́ tèmi nílé.

Nígbà tí obìnrin oníṣòwò náà tún gbé ọjà dé, mo ní kí wọ́n tú àpò kan sílẹ̀, kí Ìyá Alásè wọ̀n ọ́n. Ó wò mí títí. Títí di òní, n kò mọ̀ bóyá òun ló ń dín in, tàbí àwọn tí òun náà ń rà á lọ́wọ́ wọn ló ń fi kóńgò tí wọ́n ti tẹ ìdí rẹ̀ wọnú wọ̀n ọ́n fún un. Irú kóńgò bẹ́ẹ̀ kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni nínú wa. Ó búra pé òun kò mọ̀dí rẹ̀. Ìgbà tó yá, ó wá sọ ọ̀rọ̀ kan tí kò kúrò lọ́kàn mi: "Akọ̀wé, ẹ kò wọ̀n ọ́n rí. Èmi ṣe bí ẹ ti mọ̀ ni."

Ìyá Alásè, ọmọ Rẹ́mọ ni. Mo bi í pé báwo ló ṣe ronú kan òkúta kíkà. Ó ní òun wà nítòsí nígbà tí Táí Ṣólàrín ń dá ilé-ìwé rẹ̀ sílẹ̀ ní Ìkẹ́nnẹ́, tí àwọn ọmọ ilé-ìwé ń jẹ ohun tí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn gbìn. Ó ní, "Ẹni tó bá fúnra rẹ̀ kọ ebè, kò sẹ́ni tó lè fi àpò aláìkún tàn án jẹ."

Ẹ jẹ́ kí n sọ díẹ̀ nípa ilé-ìwé yẹn, nítorí ó ṣeé ṣe kí àwọn ọ̀dọ́ inú ẹgbẹ́ wa máà mọ̀ ọ́n ju orúkọ lọ. Ní 1922 ni wọ́n bí Táí Ṣólàrín ní Ìkẹ́nnẹ́. Ó bá àwọn ọmọ ogun òfuurufú ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣiṣẹ́ nígbà ogun Hitler, ó sì kàwé ní ilẹ̀ wọn kí ó tó padà wálé ní 1952. Ó di ọ̀gá àgbà Molusi College ní Ìjẹ̀bú-Igbó, ṣùgbọ́n òun àti àwọn aláṣẹ ibẹ̀ kò lè fẹnu kò lórí ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn nínú ilé-ìwé, ni ó bá kó ẹrù rẹ̀. Ní ọjọ́ 27 oṣù Kìíní 1956, òun àti aya rẹ̀, Sheila, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, dá Mayflower School sílẹ̀ ní Ìkẹ́nnẹ́. Mayflower ni orúkọ ọkọ̀ ojú omi tó gbé àwọn kan kúrò ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1620 lọ bẹ̀rẹ̀ ayé ọ̀tun ní Amẹ́ríkà.

Ní ilé-ìwé yẹn, ọkọ́ àti ìwé jọ ń rìn ni. Ọmọkùnrin ń roko, ọmọbìnrin ń roko, wọ́n ń sin adìẹ, wọ́n sì ń lọ́wọ́ sí kíkọ́ ilé tí wọn yóò gbé inú rẹ̀. Bàbá náà fúnra rẹ̀, ṣòkòtò péńpé kákí ni gbogbo ayé mọ̀ mọ́ ọn. Kì í ṣe gbogbo òbí ló fẹ́ràn ètò náà o. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu ẹnì kan pé òun kò lè san owó kí ọmọ òun lọ kọ́ oko tó wà lẹ́yìnkùlé òun. Ní ti ẹ̀sìn, èmi pàápàá kò bá bàbá náà lọ, ṣùgbọ́n ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ wa lónìí. Ohun tó dá mi dúró ni èyí: ní ilé-ìwé tiwa, ìyà ni oko ríro. Ọmọ tó pẹ́ dé ni à ń gbé àdá fún. Ọmọ tó sọ̀rọ̀ ní kíláàsì ni à ń ní kó lọ fọ ilé ìgbẹ́. Báwo ni ọmọ yóò ṣe wá ṣe dáadáa nínú iṣẹ́ tí a ti fi jẹ ẹ́ níyà láti kékeré? Ní Ìkẹ́nnẹ́, ẹni tó ń ro oko kì í ṣe ẹlẹ́ṣẹ̀. Oúnjẹ ló ń wá.

Àwa oníṣòwò sì ní ìdí mìíràn láti rántí ọkùnrin náà. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ dá People's Bank sílẹ̀ ní 1989, láti máa yá àwọn tálákà tí kò ní ilé tàbí ilẹ̀ fi dúró lówó, òun ni wọ́n fi ṣe alága. Ó kú ní 1994. Ìyàwó rẹ̀ kú ní 2012. Ilé-ìwé náà ti bọ́ sọ́wọ́ ìjọba tipẹ́, ó sì wà níbẹ̀ títí di òní.

Ẹ jẹ́ kí n padà sí sítọ́ọ̀ mi. Láti oṣù náà ni a ti ń wọn àpò. Kì í ṣe iṣẹ́ kékeré. A kò lè wọn ogún tán, nítorí náà a máa ń fa mẹ́rin yọ láìjẹ́ kí oníṣòwò mọ èyí tí a ó fà, a ó sì wọ̀n ọ́n lójú rẹ̀. Èrúku gàrí á bo mi lójú, á bo aṣọ mi, òógùn á sì bò mí. Obìnrin àkọ́kọ́ náà bá wa ṣe oṣù mélòó kan sí i, àpò rẹ̀ ń kún, ó sì dágbére fún wa pé èrè kò sí níbẹ̀ mọ́. Ẹlòmíràn gbà á. N kò ní purọ́ fún yín pé mo di ènìyàn mímọ́ lọ́jọ́ kan. Oṣù míì wà tí ó rẹ̀ mí, tí mo tún ka àpò lásán, tí mo kọ 20. Ìyá Alásè á kàn gbé igbá òkúta rẹ̀ sórí tábìlì mi, á sì bá tirẹ̀ lọ.

Nígbà tí ojú mi là sí ti gàrí, mo bẹ̀rẹ̀ sí í rí i níbòmíràn. Olùkọ́ kan wà níbẹ̀ tí ó máa ń fa igi sí rẹ́jísítà fún gbogbo kíláàsì láìgbójú sókè. Ọmọ kan wà nílé, ó ń ṣàìsàn fún ọ̀sẹ̀ méjì. Rẹ́jísítà ní ó wà ní kíláàsì lójoojúmọ́. Ohun tí mo ń ṣe sí àpò gàrí gan-an ni olùkọ́ yẹn ń ṣe sí ọmọ ènìyàn. Bàbá ọlọ́dẹ wa tó ń lu aago, ẹni tí owó oṣù rẹ̀ kéré jù nínú ọgbà, kò lù ú pẹ́ rí.

Ó kù sí ọ̀rọ̀ ẹ̀yáwó wa. Èmi wà lára àwọn tó ní kí a fọwọ́ sí i, nítorí òwò gidi ni, owó rẹ̀ yóò sì padà wálé. Ṣùgbọ́n mo ti sọ fún ìgbìmọ̀ pé kí ẹgbẹ́ ra kóńgò tirẹ̀, kí a fi àmì ẹgbẹ́ sí i lára, kí ọmọ ẹgbẹ́ tó bá ń gbé oúnjẹ lọ sí ilé-ìwé máa mú un dání, kí ó sì fúnra rẹ̀ sọ pé kí wọ́n wọ̀n ọ́n lójú òun kí wọ́n tó fọwọ́ sí ìwé. Àwọn kan ní ìyẹn á mú kí èrè dínkù. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ wà nínú ẹgbẹ́ àwọn òbí àti olùkọ́, bí ẹ bá lọ sí ìpàdé, ẹ má kàn jókòó sí gbọ̀ngàn jẹ bísíkíìtì. Ẹ dúró di àsìkò oúnjẹ, kí ẹ lọ wo tábìlì tó kẹ́yìn. A ó dìbò lórí rẹ̀ ní ìpàdé tó ń bọ̀.

Ní 1985 ni Ìyá Alásè fẹ̀yìntì. Ilé-ìwé fún un ní aṣọ àti aago ògiri. Lẹ́yìn ayẹyẹ náà, mo bẹ̀ ẹ́ pé kí ó fi kóńgò rẹ̀ sílẹ̀ fún mi. Ó dì í mọ́ inú ẹrù rẹ̀, ó ní kí n lọ ra tèmi. Mo lọ sọ́jà lọ́jọ́ kejì. Mo dojú kóńgò náà dé, mo fi àtàǹpàkò tẹ ìdí rẹ̀ wò dáadáa kí n tó sanwó.